Oògùn Méjì Lórí Tábìlì Àgbà: Kálísíọ́mù, Ẹ́ńsáìmù àti Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ilé Yorùbá tí àgbàlagbà bá ń gbé ní Lancaster níbí, ní gúúsù Dallas, àfàìmọ̀ kí èèyàn má bá ìgò oògùn aláwọ̀ ọsàn méjì lórí tábìlì ìjẹun. Wọ́n kọ amlodipine sára ọ̀kan, wọ́n kọ lisinopril sára èkejì. Ẹni tó ń lò wọ́n mọ̀ pé ti ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Bí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́ tí oògùn kọ̀ọ̀kan ń ṣe, yóò ní wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tí kò mọ ọ̀nà tí oògùn òun ń gbà ṣiṣẹ́ lè pa á tì nítorí ohun tí kò sí níbẹ̀ rárá.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ti àwọn tó ka ìwé pélébé tí ilé oògùn máa ń fi sínú àpò, tí wọ́n rí i pé amlodipine jẹ́ oògùn tó ń dí kálísíọ́mù lọ́nà. Láti ọjọ́ náà, mílíìkì di èèwọ̀, wàrà di èèwọ̀, ẹja tí a ń jẹ teegunteegun di èèwọ̀. Ìyá kan sọ fún mi lẹ́yìn ìsìn pé, "Kálísíọ́mù ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ mi sókè, ọmọ mi, mo ti fi mílíìkì sílẹ̀ o." Àwọn mìíràn gbà á sí òdì kejì: dókítà ti fún wọn ní kálísíọ́mù oníhóró nítorí egungun, wọ́n wá rò pé amlodipine ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, ni wọ́n bá ju amlodipine nù. Àṣìṣe ni méjèèjì, èyí tó gbẹ̀yìn yìí sì lè la ikú lọ. Ọ̀rọ̀ náà gba àlàyé, àlàyé rẹ̀ kò sì kọjá òye ẹnikẹ́ni tó bá ti rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe wàrà.

Ẹ rántí àwọn ìyá Fúlàní tó ń kiri wàrà ní Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìsẹ́yìn àti Ṣakí. Bí wọ́n bá ti fún wàrà málùú tán, wọ́n á gbé e kaná tí kò le. Wọ́n á já ewé bomubomu, wọ́n á gún un tàbí kí wọ́n fọwọ́ ra á kí oje rẹ̀ lè jáde, wọ́n á wá da oje yẹn sínú ìkòkò. Láìpẹ́, ohun tó ti ń ṣàn bí omi á bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Omi rẹ̀ á ya sọ́tọ̀, funfun rẹ̀ á ya sọ́tọ̀. Wọ́n á bù ú sínú agbọ̀n kéékèèké kó lè ro, ohun tó bá sì kù nínú agbọ̀n ni wàrà tí a ń din jẹ.

Nǹkan méjì ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Àkọ́kọ́ ni ẹ́ńsáìmù tó wà nínú oje bomubomu. Purotéènì inú wàrà wà ní ìdì kéékèèké tí ojú kò lè rí, ohun kan sì wà lẹ́yìn ìdì kọ̀ọ̀kan tí kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn. Ẹ́ńsáìmù náà gé ohun yẹn dànù. Èkejì ni kálísíọ́mù tó ti wà nínú wàrà tẹ́lẹ̀: òun ló so àwọn ìdì tí wọ́n ti gé lẹ́yìn náà pọ̀ mọ́ra títí wọ́n fi dì. Bí èèyàn bá yọ kálísíọ́mù kúrò nínú wàrà, ẹ́ńsáìmù á gé tirẹ̀, wàrà náà kò sì ní dì. Nínú ara èèyàn pàápàá, ibi púpọ̀ ni àwọn méjèèjì yìí ti jọ ń ṣiṣẹ́, tí ọ̀kan kò sì lè ṣe é láìsí èkejì.

Kí ni ẹ́ńsáìmù? Purotéènì ni, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú kí ohun tí ì bá gba ọjọ́ tàbí ọdún ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí ń gé nǹkan, èyí ń so nǹkan pọ̀, èyí ń gbé nǹkan láti ibì kan sí ibòmíràn, kì í sì í bá iṣẹ́ náà lọ: bó bá ṣe ọ̀kan tán, á tún bọ́ sórí òmíràn. Ẹ jẹ iyán lásán láìfi ọbẹ̀ sí i, kí ẹ sì máa rún un lẹ́nu fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ń dùn. Ẹ́ńsáìmù inú itọ́ ló ń sọ ọ́ di ṣúgà, ẹ́ńsáìmù yẹn gan-an sì ní kálísíọ́mù kan nínú tó gbé e ró. Àwọn tó ń fi ewé ìbẹ́pẹ di ẹran líle kó lè rọ̀ kí wọ́n tó sè é, ẹ́ńsáìmù ni wọ́n ń lò.

Ti kálísíọ́mù ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ lábọ̀. Egungun ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n mọ́, kò sì burú, nítorí nínú bíi kìlógíráàmù kan kálísíọ́mù tó wà lára àgbàlagbà, ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà nínú egungun àti eyín. Ìdá kan tó kù yẹn ló ń darí ara. Bí ó bá kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn kò ní lù, iṣan kò ní sún kì, ẹ̀jẹ̀ kò ní dì lójú ọgbẹ́. Ẹni tó bá ti gba àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rí á rántí ìgò tín-ín-rín tí ọmọrí rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò. Ohun tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ń gbá gbogbo kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ mú. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi lè wà nínú ìgò yẹn fún wákàtí púpọ̀ láìdì: àwọn ẹ́ńsáìmù tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì wà níbẹ̀ pé pérépéré, kálísíọ́mù tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ni kò sí lọ́wọ́ wọn mọ́.

Ọkùnrin tó kọ́kọ́ fi èyí han ayé ni Sydney Ringer, dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1882, ó mú ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ jáde, ó fi í sínú omi iyọ̀, ọkàn náà sì ń lù fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá mọ̀ pé omi ẹ̀rọ lásán ni wọ́n ti fi po omi iyọ̀ náà. Nígbà tó fi omi tí wọ́n sè di oru, tí oru náà tún padà di omi, tí kò ní nǹkan kan nínú mọ́, ṣe tirẹ̀, ọkàn náà dákẹ́. Ó wá fi kálísíọ́mù díẹ̀ sí i, ọkàn náà tún ń lù. Ní 1883, ó tẹ ìwé jáde láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti ọdún náà ni a ti mọ̀ pé kálísíọ́mù jẹ́ ohun tí ń pàṣẹ fún ọkàn.

Bí ó ṣe ń pàṣẹ ni ibi tí oògùn wa wà. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ló ń sapá tọ̀sán-tòru láti má jẹ́ kí kálísíọ́mù pọ̀ nínú òun. Níta sẹ́ẹ̀lì, kálísíọ́mù fi bí ìlọ́po 10,000 pọ̀ ju ti inú lọ. Ẹ́ńsáìmù kan ló ń tì í jáde ṣáá, ó sì ń náwó agbára ara sí i. Nítorí pé inú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, bí ẹnu ọ̀nà kékeré kan bá ṣí fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, kálísíọ́mù á wọlé, gbogbo sẹ́ẹ̀lì á sì mọ̀ pé àṣẹ ti dé. Ní Dallas yìí, ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn UT Southwestern, ni Thomas Südhof ti ṣèwádìí bí kálísíọ́mù ṣe ń mú kí iṣan ọpọlọ kan bá èkejì sọ̀rọ̀, iṣẹ́ náà sì wà lára ohun tó mú kí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2013.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó yí àwọn iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà láti ọkàn lọ sí ara po. Bí ẹran yẹn bá fún ra rẹ̀, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á há, ọkàn á sì máa fi agbára tì í. Bí ó bá rọ̀, ọ̀nà á fẹ̀. Ohun tí ń mú un fún nìyí: ẹnu ọ̀nà kékeré ara sẹ́ẹ̀lì á ṣí, kálísíọ́mù á wọlé, á so mọ́ purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní calmodulin. Àwọn méjèèjì á jọ lọ jí ẹ́ńsáìmù kan tí ó ti ń sùn. Ẹ́ńsáìmù yìí á lẹ fọ́sífọ́rọ̀sì mọ́ myosin, ìyẹn purotéènì tí ẹran ara fi ń fa ara rẹ̀, ìgbà náà ni iṣan á wá fún. Láìsí kálísíọ́mù, ẹ́ńsáìmù náà kò ní jí. Láìsí ẹ́ńsáìmù náà, kálísíọ́mù tó wọlé á kàn wà níbẹ̀ lásán. Ọ̀jọ̀gbọ́n James Stull àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní UT Southwestern lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ẹ́ńsáìmù yìí gan-an. Ibi tí a ti ṣàlàyé ohun tó wà nínú ìgò oògùn àwọn àgbà wa kò jìnnà sí ilé wọn. Ojú ọ̀nà I-35E kan náà ni.

Amlodipine ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà kálísíọ́mù yẹn. Kì í tì í pa pátápátá, ó ń mú kí ó ṣòro láti ṣí ni. Kálísíọ́mù tó ń wọlé á dín kù, ẹ́ńsáìmù tó ń jí á dín kù, iṣan á rọ̀, ẹ̀jẹ̀ á rọra kọjá. Albrecht Fleckenstein, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ mọ̀ ní àwọn ọdún 1960 pé oògùn lè dí kálísíọ́mù lọ́nà báyìí. Ní 1992 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí amlodipine.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibi tí oògùn náà wà dáadáa. Ara sẹ́ẹ̀lì iṣan ni. Kò sí nínú ikùn, kò sí nínú abọ́ oúnjẹ, kò sí nínú egungun. Mílíìkì tí ìyá wa mu kò lè mú kí kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fò sókè, nítorí àwọn ẹ̀yà kékeré mẹ́rin kan wà ní ọrùn tí ń ṣọ́ iye rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí ó bá fẹ́ dín kù, wọ́n á ní kí egungun mú díẹ̀ wá. Bí ó bá fẹ́ pọ̀ jù, àṣẹ wọn á rọlẹ̀, kíndìnrín á sì tọ̀ ọ́ dànù. Bẹ́ẹ̀ náà ni amlodipine kò ní kí kálísíọ́mù má wọ egungun. Ẹni tó ń lò ó lè jẹ wàrà rẹ̀ ní ìfọ̀kànbalẹ̀.

Bí èèyàn bá ti mọ ibi tí oògùn ń ṣiṣẹ́, á mọ ìdí tí ẹsẹ̀ fi máa ń wú lára àwọn kan tó ń lò ó, pàápàá àwọn tó ń lo 10 miligíráàmù. Àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ ti rọ̀, àwọn tó ń gbé e padà kò rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, omi á wá máa jò sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Kì í ṣe pé kíndìnrín ti bàjẹ́, kì í sì í ṣe àsasí. Dókítà lè dín in kù tàbí kí ó fi oògùn mìíràn kún un. Ohun mìíràn tó yẹ ní mímọ̀ ni pé amlodipine máa ń pẹ́ nínú ara. Ó máa ń gba wákàtí 30 sí 50 kí ìdajì rẹ̀ tó jáde, ó sì ń gba bí ọ̀sẹ̀ kan kí agbára rẹ̀ tó pé. Ẹni tó bá gbàgbé ti àná kò gbọ́dọ̀ lo méjì lónìí. Ẹni tó sì bá lò ó fún ọjọ́ méjì kò tíì lè sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Ọkàn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ru fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkàn á nípọn, á tóbi, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́. Ní 1998, Eric Olson àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní UT Southwestern fi hàn lára eku pé ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń mú ọkàn tóbi báyìí. Calcineurin ni orúkọ rẹ̀. Kálísíọ́mù ló tún ń jí òun náà: bí kálísíọ́mù bá ti ń pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì ọkàn lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ́ńsáìmù yìí á jí, á sì mú àwọn ìlànà tó ń mú ọkàn dàgbà ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n mú kí ẹ́ńsáìmù náà máa ṣiṣẹ́ ṣáá nínú ọkàn eku, ọkàn náà tóbi, kò sì lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa mọ́.

Lisinopril gba ọ̀nà mìíràn, ẹ́ńsáìmù ló sì dojú kọ. Bí kíndìnrín bá rí i pé ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ òun kò tó, á tú ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ renin jáde. Renin á gé purotéènì kan tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, á mú ègé kékeré jáde lára rẹ̀. Ègé náà kò tíì lè ṣe nǹkan kan. Nígbà tó bá ń kọjá, pàápàá nínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ́ńsáìmù kejì tí àwọn dókítà ń pè ní ACE á tún gé e lórí, ó di angiotensin kejì. Eléyìí ni òṣìṣẹ́ líle. Á mú iṣan fún, á sì mú kí kíndìnrín di iyọ̀ àti omi mú. Báwo ló ṣe ń mú iṣan fún? Kálísíọ́mù náà ni! Á mú kí sẹ́ẹ̀lì tú èyí tó ti kó pamọ́ sínú ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹ́ńsáìmù tí mo sọ lókè á sì jí. Ojúkò kan náà ni oògùn méjèèjì ti pàdé: amlodipine dí ọ̀nà tí kálísíọ́mù ń gbà wọlé, lisinopril kò jẹ́ kí ẹni tí ń pàṣẹ kí ó tú jáde dé rárá. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń kọ méjèèjì papọ̀.

Ara paramọ́lẹ̀ ni wọ́n ti rí ọgbọ́n lisinopril. Ejò kan wà ní Brazil tí wọ́n ń pè ní jararaca, ẹni tó bá bù ṣán, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Onímọ̀ ará Brazil, Sérgio Ferreira, gbé oró ejò náà lọ sí ilé ìwádìí John Vane ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1960, wọ́n sì rí i pé ohun kan nínú oró náà ń so ẹ́ńsáìmù ACE lọ́wọ́. David Cushman àti Miguel Ondetti ní ilé-iṣẹ́ Squibb ló wá fi ìmọ̀ yẹn ṣe captopril, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1981. Lisinopril jẹ́ àbúrò rẹ̀, ó dé ní 1987.

ACE kan náà ló tún máa ń gé ohun mìíràn tó ń jẹ́ bradykinin dànù. Bí oògùn bá ti so ó lọ́wọ́, bradykinin á pọ̀. Ibẹ̀ ni ikọ́ gbígbẹ ti ń wá, ikọ́ tí kì í jẹ́ kí èèyàn sùn, tí àwọn ará ilé á máa wá omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti oyin fún. Kò sí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó lè wò ó. Bí ikọ́ bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fún yín ní lisinopril, ẹ sọ fún dókítà. Oògùn ìdílé mìíràn bíi losartan wà, tí kì í so ẹ́ńsáìmù lọ́wọ́, tí ó kàn ń dí ibi tí angiotensin ti ń bá iṣan sọ̀rọ̀. Bradykinin yìí náà ló lè mú kí ètè, ahọ́n tàbí ọ̀fun wú lójijì. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣe àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn tó kù lọ, ó sì lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún tí èèyàn ti ń lo oògùn náà láìsí wàhálà. Ẹni tí ètè rẹ̀ bá wú lórí lisinopril kò gbọ́dọ̀ lo òmíràn mọ́, kí ẹ pe 911, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Aboyún kò gbọ́dọ̀ lo oògùn yìí rárá, torí ó lè ba ọmọ inú rẹ̀ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú yìí gba kí n dúró díẹ̀, nítorí àwọn èèyàn wa máa ń bínú sí i: "Kí ló dé tí wọ́n fún mi ní èyí tí wọn kò fún òyìnbó?" Ìwádìí ńlá kan tó ń jẹ́ ALLHAT, tí wọ́n darí láti Houston, tí èsì rẹ̀ sì jáde ní 2002, kó èèyàn 33,357 jọ. Wọ́n fi amlodipine àti lisinopril wé oògùn ìtọ̀ kan tó ń jẹ́ chlorthalidone. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, rọpárọsẹ̀ fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lisinopril ju ti oògùn ìtọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni renin kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lára wọn, nítorí náà ẹni tó bá so ẹ́ńsáìmù lọ́wọ́ níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ kò tíì ṣe nǹkan púpọ̀. Ní Áfíríkà fúnra rẹ̀, Dókítà Dike Ojji ti Yunifásítì Àbújá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ èèyàn 728 wò ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Nàìjíríà wà lára wọn. Ní 2019 ni èsì jáde: amlodipine tí wọ́n fi oògùn ìtọ̀ kún, tàbí tí wọ́n fi oògùn irú lisinopril kún, fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ju èyí tí kò ní amlodipine lọ.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má torí èyí ju lisinopril dànù. Ìwádìí mìíràn, AASK, wo 1,094 aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba kíndìnrín wọn jẹ́ díẹ̀. Ramipril, tí ó jẹ́ ẹbí kan náà pẹ̀lú lisinopril, dáàbò bo kíndìnrín wọn ju amlodipine lọ, pàápàá àwọn tí purotéènì ń jáde nínú ìtọ̀ wọn. Èrò tèmi ni pé àwọ̀ ara kì í ṣe àyẹ̀wò. Ó lè sọ ibi tí dókítà á ti bẹ̀rẹ̀. Ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀ àti ìwọ̀n ìfúnpá ẹni náà ló ń sọ ibi tó máa parí sí. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ béèrè pé: ṣé purotéènì wà nínú ìtọ̀ mi? Ìdáhùn ìbéèrè yẹn lè pinnu irú oògùn tó tọ́ sí yín.

Ìlú wa yìí ní ìtàn kan tó yẹ ká fi yangàn nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà Ronald Victor ti UT Southwestern ṣàkíyèsí pé àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kì í fẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ wọn déédéé. Ó lo ṣọ́ọ̀bù 17 ní Dallas County fún ìwádìí, ó sì kọ́ àwọn onígbàjámọ̀ ní àwọn kan lára wọn bí wọ́n ṣe ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ oníbàárà wọn. Lancaster wà nínú Dallas County yìí. Èsì rẹ̀ jáde ní 2011: iye àwọn tí ìfúnpá wọn wá sí ìkáwọ́ pọ̀ sí i láàárín àwọn tí onígbàjámọ̀ ń bá sọ̀rọ̀ ju láàárín àwọn tó kàn gba ìwé ìkìlọ̀ lásán. Lẹ́yìn náà ó kó lọ sí Los Angeles, ó mú àwọn apòògùn wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ láti máa kọ oògùn níbẹ̀, amlodipine sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń fún wọn. Ní 2018 ni èsì dé: láàárín oṣù mẹ́fà, ìfúnpá òkè àwọn ọkùnrin yẹn wálẹ̀ ní 27. Nígbà tí òǹkà òkè bá ti 153 dé 126, ọ̀rọ̀ rọpárọsẹ̀ àti àìsàn ọkàn máa ń yí padà. Mo fẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí Yorùbá ní agbègbè wa gbà á bẹ́ẹ̀: ẹ̀rọ ìwọnfúnpá kan, àga kan, nọ́ọ̀sì kan tó wà nínú ìjọ, kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò wọ́n wa láàárín ọmọ Yorùbá Dallas.

Ọ̀rọ̀ kálísíọ́mù inú oúnjẹ ló kù. Àìtó rẹ̀ gan-an ni ìṣòro tiwa, kì í ṣe àpọ̀jù. Ní Jos, ní àwọn ọdún 1990, Dókítà Tom Thacher àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rí àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wọ́ bí ọrun. Ìwé sọ pé àìrí oòrùn ló ń fa àrùn egungun rírọ̀ yìí. Oòrùn kò wọ́n ní Jos. Ohun tó wọ́n ni kálísíọ́mù, nítorí oúnjẹ wọn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkà àti gbágùúdá, kò fún wọn ju bíi 200 miligíráàmù lójúmọ́. Wọ́n fún àwọn ọmọ kan ní fítámì D, àwọn kan ní kálísíọ́mù, àwọn kan ní méjèèjì. Èsì tó jáde ní 1999 fi hàn pé àwọn tó gba kálísíọ́mù, ìbáà jẹ́ nìkan tàbí pẹ̀lú fítámì D, ló sàn jù. Wọ́n yẹ ẹ́ńsáìmù kan wò nínú ẹ̀jẹ̀ wọn láti mọ̀ ọ́n, èyí tí egungun máa ń tú jáde nígbà tó bá ń làkàkà láti kọ́ ara rẹ̀. Bí egungun ti ń le, ẹ́ńsáìmù náà ń wálẹ̀.

Nítorí náà àgbà tó bá fi mílíìkì sílẹ̀ nítorí amlodipine ti yọ ohun tó ń gbé egungun rẹ̀ ró, kò sì rí àǹfààní kan níbẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àgbàlagbà nílò bíi 1,000 miligíráàmù lójúmọ́. Obìnrin tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún nílò 1,200. Wàrà, sàdíìnì tí a jẹ teegunteegun, edé, mílíìkì, ẹ̀fọ́ bí ewédú, gbogbo wọn ló ń kó tiwọn wá. Ẹni tí dókítà fún ní kálísíọ́mù oníhóró, kí ó má lò ó pọ̀ mọ́ oògùn gẹ̀gẹ̀ tàbí oògùn apakòkòrò bíi ciprofloxacin, nítorí á so mọ́ wọn nínú ikùn, wọn kò ní wọ ara. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ bíi hydrochlorothiazide kí ó sọ fún dókítà kí ó tó fi kálísíọ́mù kún un, nítorí oògùn ìtọ̀ yẹn kì í jẹ́ kí kíndìnrín tọ kálísíọ́mù dànù.

Iyọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù ju mílíìkì lọ. Iyọ̀ inú magí, iyọ̀ inú indómì, kánún tí a fi ń se ewédú àti ẹ̀wà: sódíọ̀mù ló kún inú gbogbo wọn. Ẹni tó ń lo lisinopril kí ó sì ṣọ́ra fún iyọ̀ àfirọ́pò tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà pé kò ní sódíọ̀mù nínú. Pọ̀táṣíọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é, lisinopril sì ń mú kí pọ̀táṣíọ̀mù máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè dá ọkàn dúró. Advil àti Aleve tí àwọn àgbà ń gbé mì nítorí orúnkún, bí wọ́n bá fi kún lisinopril àti oògùn ìtọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, wọ́n lè pa kíndìnrín. Ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ pé ẹ ń lò wọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí yín ní Lancaster, DeSoto àti Cedar Hill, àti ẹ̀yin tó ń fi fóònù ṣètọ́jú tiyín ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Òṣogbo, ẹ mú ìgò oògùn wọn wá síwájú yín lónìí. Ẹ ka orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wọn, kí ẹ ṣàlàyé èyí tó wà fún kálísíọ́mù àti èyí tó wà fún ẹ́ńsáìmù. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ṣì ń lò ó, bóyá ikọ́ ń dà wọ́n láàmú, bóyá ẹsẹ̀ wọn ń wú. Bí oògùn kan kò bá bá wọn lára mu, dókítà ní òmíràn tó lè fún wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn dá a dúró.